Idẹ Ilé Kẹsàn-án

"Ta ló gba ọkọ mi lálejò?"

Ohùn obìnrin náà kò ròkè. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbàlejò láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, omi òjò ń kán láti ara agbòjò rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀. Baba alámòójútó ilé tẹ ojú mọ́ bàtà. Alága ẹgbẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kọńsítébù tó ti gbé àga sábẹ́ pátákó kọ́kọ́rọ́ láti Ọjọ́rú hú ikọ́ tí kò ṣe é.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ló fà á lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, kúkúrú, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Tọpinpin ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé bó bá ti di ọ̀rọ̀ mú, kò ní jù ú sílẹ̀ àfi tó bá rí ìdí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìsàlẹ̀ kànga ni ìdí ọ̀hún wà.

"Ẹ jókòó, ìyàwó wa," ó ní. "Èmi náà ń wá ìdáhùn yẹn ni."

Ilé mẹ́rìndínlógún ló wà létí adágún omi náà, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn. Ilé àjọní ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pawọ́ pọ̀ ní wọn, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún sì ní ẹni tó ni ín. Bí tìrẹ bá bọ́ sí àkókò òjò, ọdọọdún lo máa wá wo òjò. Ọkọ obìnrin yìí, tó ń tún aago ṣe, wọ ilé kẹsàn-án ní ọjọ́ Sátidé. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, obìnrin tó ń gbálẹ̀ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mí mọ́. Ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná ló da èéfín rẹ̀ sínú yàrá.

Ìwé tí ọkùnrin náà mú wá sọ pé ọmọ àbúrò aránṣọ kan ni, opó tó ni ọ̀sẹ̀ náà. Aránṣọ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyàwó òkú ní ọkọ òun kò ní irú ẹ̀gbọ́n ìyá bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ òun sanwó kí ó tó wá ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Wọ́n kọ òfin kẹtàdínlógún ẹgbẹ́ sára ògiri, wọ́n fi gíláàsì bò ó, pé: *Ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ta ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Kò gbọdọ̀ fi háyà láti jèrè. Ẹni tó bá fi háyà ti pàdánù ọ̀sẹ̀ rẹ̀ títí láé, ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó háyà fún, òun ni yóò dáhùn fún un.*

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bí wọ́n bá sọ pé aránṣọ ló fi ọ̀sẹ̀ rẹ̀ háyà, ọ̀sẹ̀ náà ti lọ nìyẹn, kọńsítébù yóò sì mú un lọ sí àgọ́ lórí ẹ̀mí ènìyàn.

Tọpinpin kọjú sí pátákó kọ́kọ́rọ́. Ìkọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ilé kan, nọ́ńbà ilé wà lókè ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí mẹ́fà. Idẹ pẹlẹbẹ tó tó àtàǹpàkò kọ́ sórí mẹ́sàn-án. Ìkọ́ kẹsàn-án ṣófo.

"Ṣàlàyé idẹ wọ̀nyí fún mi," ó wí fún akọ̀wé.

Ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín ni akọ̀wé, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kọ́kọ́rọ́-Dà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é.

"Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní idẹ tiẹ̀, mà, wọ́n fín nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Kò sí ẹ̀dà. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi idẹ yín kọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ mú idẹ yín. Bó bá jẹ́ àlejò lẹ rán, ẹ ó fún un ní idẹ yín àti ìwé."

"Kí ló dé tí mi ò rí nọ́ńbà kankan?"

"A máa ń yí ojú rẹ̀ sógiri ni, mà. Kí ẹni tó ń kọjá má baà mọ ẹni tó wà nílé àtẹni tí kò sí."

"Ọkùnrin yìí fi idẹ kọ́ ní Sátidé?"

"Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó fi kọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní ó ń rẹ òun."

"Nọ́ńbà wo?"

"Mi ò wò ó."

"Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń dán."

"Èmi ni mò ń fi aṣọ nu ẹ̀yìn wọn láràárọ̀, mà, títí màá fi rí ojú ara mi nínú wọn. Ṣùgbọ́n mi ò kì í yí i padà. Mò ń nù ún ni, mi ò kì í kà á."

Kọńsítébù dá sí i láti orí àga: "Bọ́tìnì aṣọ mi náà jẹ nínú ẹ̀ lánàá, mà. Mo tòògbé díẹ̀, mo lajú, mo rí i tó ń nu àyà mi."

"Ṣé ìwọ ò sì mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lo wà?" Tọpinpin wí láìbojú wẹ̀yìn, ó sì bi akọ̀wé: "Lọ́jọ́rú ńkọ́, idẹ yẹn?"

"Ìgbà tí mo máa fi wò ó, ìkọ́ kẹsàn-án ti ṣófo, mà."

"Ta ló mú un?"

"Kò sẹ́ni tó mú un!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Wọn ò déédéé sọ mí ní Kọ́kọ́rọ́-Dà. Tẹ́nì kan bá fẹ́ mú idẹ láìtíì dá kọ́kọ́rọ́ padà, idẹ á dún lára ìkọ́, èmi náà á ké: 'Kọ́kọ́rọ́ dà?' Bí mo bá sùn, màá jí. Lọ́jọ́rú, alága ni mo kọ́kọ́ pè, bí òfin ṣe wí. Ó dé, ó ní kí n pe ọlọ́pàá. Obìnrin agbálẹ̀ wà níbẹ̀, Baba wà níbẹ̀. Mi ò rí idẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan tó jáde. Látìgbà tí kọńsítébù sì ti jókòó síbẹ̀, eṣinṣin ò lè gbé e lọ."

Alága ti nu awò ojú rẹ̀ tán. Oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ti sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé kò ní dùn wọ́n.

"Màmá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kí lẹ tún ń wá kiri? Ọ̀rọ̀ opó yẹn dá wa lójú. Ẹ wo èyí." Ó na ìwé ìpolówó kan sí i. Fọ́tò ilé kẹsàn-án ló wà lórí rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù. "Ọmọ aránṣọ ló tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ògiri káàkiri lọ́dún tó kọjá. Èmi ni nọ́ńbà kìn-ín-ní nínú ẹgbẹ́ yìí. Kí bíríkì kan tó wà lórí ìkejì létí omi yìí ni mo ti wà ńbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin kẹtàdínlógún. Mo mọ àwọn tó ń fi ilé wa ṣe òwò, ojú wọn kì í ti wọ́n."

"Ìyẹn dára," ni Tọpinpin wí. Ó ká ìwé náà sápò. "Ẹ ò bínú, ojú kì í ti èmi náà. Màá bi wọ́n."

*

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbé aṣọ lé e. Opó náà ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ dúdú nígbà tí Tọpinpin wọlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, onífọ́tò, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ ja ìjà tí kò mọ ẹni tí yóò bá jà.

"Ẹ ṣe é níkíá," ni opó náà wí. "Mo fẹ́ parí aṣọ oníbàárà mi yìí kí wọ́n tó wá mú mi. Ọ̀fọ̀ ló fẹ́ fi ṣe lọ́la."

"Ìyá mi ò ṣe nǹkan kan!" ọmọ náà jágbe.

Tọpinpin tẹ́ ìwé ìpolówó náà síwájú rẹ̀. Ojú ọmọkùnrin náà wálẹ̀.

"Mo ṣe é," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé wọ́n á máa rí nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. Màmá ya gbogbo rẹ̀ lára ògiri fúnra wọn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì."

"Oṣù mẹ́ta," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bírílà ni bàbá ẹ. Òun ló mọ ògiri ilé kẹsàn-án yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a lọ́lá, ìwọ wá fẹ́ máa gbé e kiri bí ẹni ń ta bàtà òkìrìkà. Ibẹ̀ la wà kó tó kú. Tí mo bá jókòó sí yàrá yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò yí mi ká. Ṣé ìyẹn ni mo fẹ́ fi háyà?"

Òjò ń lu páànù.

"Ìyá, idẹ yín dà?" ni Tọpinpin béèrè.

Opó náà kò dìde. Ó gbé nǹkan kan kúrò ní igun aṣọ dúdú tó wà níwájú rẹ̀. Idẹ náà ló ti fi tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kó má baà sá lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Tọpinpin gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ọdún gbọọrọ ti dì sínú gbogbo ihò ara rẹ̀.

Tọpinpin rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni onífọ́tò béèrè pẹ̀lú ìbínú.

"Ọkùnrin kan wà tó ń nu ohun gbogbo tó bá ń dán. Idẹ tó bá kọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹ̀ láti Sátidé dé Ọjọ́rú, aṣọ á ti kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin. Eléyìí ò tíì rí aṣọ ìnudẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e." Ó dá a padà sórí aṣọ náà. "Idẹ ẹlòmíràn ni ọkùnrin yẹn mú wá. Ìyá, ta lẹ sọ fún pé ẹ ò ní wá lọ́dún yìí?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Mo ní ẹ̀rọ amúlégbóná yẹn ń fọ́ mi lórí, mo ní bí wọn ò bá tíì tún un ṣe, mi ò ní wá." Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo kọ ọ́ síbẹ̀, àbúrò mi. Mo fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èéfín ló ń ṣe."

*

Baba alámòójútó ló mú Tọpinpin lọ sí ilé kẹsàn-án. Kọ́kọ́rọ́ ilé náà ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lára òkìtì tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀ tó lè ṣí gbogbo ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Tọpinpin wò ó bó ṣe ń ti kọ́kọ́rọ́ náà bọ ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin náà lè gba ènìyàn wọlé, Baba. Ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa bọ́ sí." Baba kò yíjú. "Ká ní èmi ni, kí ni màá wá máa fi idẹ ṣe? Òṣìṣẹ́ kì í ní idẹ. Tí mo bá fẹ́ kó ènìyàn wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni màá mú un gbà, kì í ṣe iwájú Kọ́kọ́rọ́-Dà tó ń fi ojú ṣọ́ ìkọ́ bí ológbò."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Tọpinpin yọ ọ́ kúrò lọ́kàn.

Wọ́n ti gbé òkú lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tí orí rẹ̀ tẹ̀ ṣì wà lára irọ̀rí. Aago kékeré mẹ́ta wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin náà ti tú ẹ̀yìn ọ̀kan, ó to eyín rẹ̀ sórí áńkáṣíìfù. Aago méjì yòókù ṣì ń ṣiṣẹ́, ìró wọn kò bára mu.

Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ó fi ọwọ́ kan páìpù èéfín. Páìpù náà já sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀.

"Ẹ wo èyí," ó ní. "Ìdè páìpù kan ṣoṣo ló gbà. Iṣẹ́ wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, màmá. Ká ní wọ́n sọ fún mi!"

"Wọ́n kọ lẹ́tà."

"Lẹ́tà kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Tààrà ni Kọ́kọ́rọ́-Dà ń kó wọn sínú àpótí alága, kì í já wọn."

Ìró òòlù ń bọ̀ láti ilé tó kàn án. Tọpinpin bọ́ síta, ó yọjú sí ilé kẹwàá. Kò sí ilẹ̀ pákó nínú rẹ̀ mọ́. Káfíńtà kan dúró dé ìbàdí láàárín igi ìsàlẹ̀ ilé bí ẹni tó ń wẹ̀ lódò.

"Ta ló ń gbé ibí?" Tọpinpin béèrè.

"Ikán, mà," ni káfíńtà dáhùn. "Wọn ò san nǹkan kan, wọ́n sì jẹ gbogbo ilé. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń lé wọn jáde."

Okùn kan wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lára okùn náà. Ó rí i pé ojú Tọpinpin wà níbẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé ìsàlẹ̀ yẹn ní tó bá sọ nù, òun á bi mí léèrè ẹ̀ títí dé ibojì."

*

Agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí Tọpinpin padà sí yàrá ìgbàlejò. Ìyàwó òkú ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì tó fi í sílẹ̀ sí. Tíì tí wọ́n fún un ti di tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Tọpinpin jókòó tì í.

"Kí ló wá ṣe níbí, ìyàwó wa?"

"Ó fẹ́ sùn." Ó ń wo tíì náà. "Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Aago lọ́sàn-án, ẹ̀ṣọ́ lóru. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré, òun fẹ́ lọ síbi tí kò sẹ́ni tó mọ òun, kí òun sùn. Mo bá a ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ta ló ń sanwó torí oorun."

Tọpinpin gba ife tíì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Ta ló bá dúnàádúrà?"

"Orí fóònù ni. Ọkùnrin ni, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó fi àpò lẹ́tà dídì ránṣẹ́, ó ní kó má já a àfi tó bá dé ibí. Ó ní tẹ́nikẹ́ni bá bi í, kó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló fi ilé ta òun lọ́rẹ." Ó gbójú sókè. "Ọkọ mi ò mọ irọ́ pa. Ó ń fi kọ́ra nínú balùwẹ̀: 'Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni.'"

Tọpinpin di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ́kàn. Lẹ́tà aránṣọ fún ẹnì kan ní nǹkan méjì: ìròyìn pé ilé kẹsàn-án máa ṣófo, àti ìfọwọ́sí tí ó lè wò kọ. Ẹni náà mọ̀ pé ẹ̀rọ ń fọ́ ènìyàn lórí, ó sì fi í háyà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni náà á ti ya lẹ́tà yẹn dànù, ohùn jẹ́jẹ́ kò sì tó láti fi mú ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni náà kò lè rí jí lára aránṣọ: idẹ. Tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi rán ọkùnrin yìí. Idẹ náà wọ ibí ní Sátidé, kò sì sẹ́ni tó rí i kó jáde. Níbo ló wà?

Ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó ti di ẹrù kékeré kan dání bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní padà sílé. Ó rí obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó dúró.

"Ọmọ mi, kì í ṣe èmi," ó ní. "Mo fi ọkọ tèmi búra."

Ìyàwó òkú wò ó.

Alága wọlé lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé e. "Agogo mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù," ó wí. "Baba, ẹ bá wa ṣí yàrá ìpàdé."

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, sà," ni Kọ́kọ́rọ́-Dà wí. "Ẹ kàn fi idẹ yín lélẹ̀ ni."

"Mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Baba ní kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí láti Ọjọ́rú, sà," akọ̀wé kùn sínú. "Òfin kì í wojú."

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó di táwẹ̀lì funfun mọ́ àyà dé àgbọ̀n. "Táwẹ̀lì ilé mẹ́jọ rè é," ó kígbe sí akọ̀wé. "Mo ti pín in tán lánàá, wọ́n tún ti lò ó tán. Bí ọlọ́pàá bá ti lè jẹ́ kí àwọn èèyàn wọ̀nyí máa lọ sílé wọn, màá simi."

"Ilé mélòó?" Tọpinpin béèrè.

"Mẹ́jọ, mà. Ilé mẹ́jọ lèèyàn wà."

Tọpinpin dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó rìn dé iwájú pátákó, ó dúró síbẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo àwòrán. Gbogbo yàrá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kọńsítébù, o mọ̀ ọ́n kà?"

"Mo kàwé dé ibi tó kàn mí, mà."

"Ka idẹ tó wà lókè orí ẹ fún mi."

Kọńsítébù yí ọrùn padà, ó ń fi ìka tọ́ka. "Mẹ́sàn-án, mà."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Mẹ́fà. Ìkọ́ kan ṣófo. Bó ṣe wà láti Ọjọ́rú nìyẹn, mà, mo fi ẹ̀mí mi búra, mi ò kúrò níbí."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ilé mẹ́jọ lèèyàn wà, idẹ mẹ́jọ. Ilé mẹ́fà ṣófo, kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà. Kọ́kọ́rọ́ ilé kẹsàn-án wà lọ́dọ̀ wa ní àgọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé kẹwàá wà lọ́rùn káfíńtà, káfíńtà kì í sì í ní idẹ." Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ìkọ́ mélòó ló yẹ kó ṣófo?"

Kọ́kọ́rọ́-Dà fi ojú kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. "Méjì," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Gbogbo ojú lọ sí ìkọ́ kẹwàá. Idẹ kan wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, ó kọjú sí ògiri bí àwọn yòókù, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Mo nù ún," ni akọ̀wé wí. "Àná. Láàárọ̀ yìí. Mo nù ún!"

"Lọ́jọ́rú, nígbà tí alága ní kó o pe ọlọ́pàá, o kẹ̀yìn sí pátákó. Kí lo gbọ́?"

Ó ń rántí, wọ́n rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rántí. "Idẹ dún. Mo ké, 'Kọ́kọ́rọ́ dà?' Mo máa ń ké bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, mà. Ó ní..." Ó yíjú sí alága. "Ẹ ní, 'Má da ara ẹ láàmú, mò ń tò wọ́n ni.'"

"Ọmọ náà ń ṣìnà," ni alága wí. Ohùn rẹ̀ ṣì tutù. Àmọ́ ó ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì ti nà sí ìkọ́ kẹwàá kí ó tó mọ̀.

Tọpinpin ti ṣáájú rẹ̀ mú un. Idẹ dún ṣín lára ìkọ́.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" ni akọ̀wé ké, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tọpinpin yí idẹ náà padà, ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò kà á sókè. Ó kọjá níwájú alága, níwájú ìgbìmọ̀ àti ẹrù kékeré tó bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ, ó lọ bá obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fín sí i: nọ́ńbà kìn-ín-ní.

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo alága, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.